Mo fẹ́ wọ láàbù tí wọ́n ti ń gbin ẹran ara: ta ni kí n kọ́kọ́ kí?

Àbẹ̀kẹ́Ṣàgámù

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín níbí, ṣùgbọ́n n kò dá sí i rí. Biochemistry ni mo kà nílé. Yunifásítì kan láàárín ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti gbà mí fún PhD, oṣù kẹsàn-án ni màá bẹ̀rẹ̀. Láàbù tissue engineering ni. Nígbà tí bàbá mi bi mí pé kí ni mo fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀, mo ní wọ́n ń gbin ẹran ara èèyàn sínú abọ́, kí wọ́n lè fi dí ojú ibi tó bá bàjẹ́ lára aláìsàn. Bàbá dákẹ́ lọ gbáà. Wọ́n wá ní, "Àbẹ̀kẹ́, ṣé kì í ṣe iṣẹ́ yẹn náà ni ọlọ́pàá ń torí ẹ̀ mú èèyàn níbí?"

Ẹ má rẹ́rìn-ín o. N kò tíì rí èsì gidi fún wọn títí di òní.

Ìbéèrè mi kì í ṣe ti inú ìwé. Ìwé, mò ń kà á. Àwọn èèyàn ibẹ̀ ló ń kọ mí lóminú. Mo wo ojú ewé láàbù náà, mo ka orúkọ mọ́kànlélógún: ọ̀jọ̀gbọ́n kan, postdoc mẹ́rin, tẹkiníṣíàn méjì, akẹ́kọ̀ọ́ rẹpẹtẹ, dókítà oníṣẹ́ abẹ méjì, àti ẹnì kan tí wọ́n kàn kọ "lab manager" sí iwájú orúkọ rẹ̀. Ta ló ń ṣe kí ni? Ta ni kí n kọ́kọ́ kí? Kí sì ni n kò gbọdọ̀ ṣe?

BàbáKọ́kọ́rọ́

Kú oríire, àbúrò. Tẹkiníṣíàn ni mí, ọdún kẹrìndínlógún rèé tí mo ti wà nídìí iṣẹ́ yìí ní ìlú kan lápá àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ọ̀jọ̀gbọ́n ló ni orúkọ láàbù. Òun ló ń kọ̀wé wá owó, òun ló ń wọ ọkọ̀ òfuurufú kiri. Ìbọ̀wọ́ ti kúrò lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn tipẹ́, má retí pé òun ló máa fi bí wọ́n ṣe ń di pípẹ́ẹ̀tì mú hàn ọ́. Postdoc ló máa kọ́ ọ. Ó ti gba PhD tirẹ̀, ṣùgbọ́n àdéhùn ọdún méjì tàbí mẹ́ta ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti ń ronú ibi tó kàn. Tó bá ti dá ọ lóhùn lẹ́ẹ̀kan, kọ ọ́ sílẹ̀, má padà wá bi í ní nǹkan kan náà lẹ́ẹ̀mẹta. Lab manager ló ń ra nǹkan, òun ló ń tọ́jú ìwé ààbò, òun náà ló máa dá ọ dúró lẹ́nu ọ̀nà tí o kò bá tíì fọwọ́ sí i.

Tẹkiníṣíàn ni kí o kọ́kọ́ kí. Mo mọ̀ pé ẹ máa ní ara mi ni mò ń gbè lẹ́yìn. Ó dáa, ẹ gbọ́. Inkubétọ̀ mẹ́ta, àpótí tó ń mú kí sẹ́ẹ̀lì wà ní lílọ́wọ́ọ́rọ́, ló wà níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Gbogbo wọn ló kọ 37 sójú. Ọ̀kan nínú wọn ń purọ́: tí wọ́n bá ti ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ láàárọ̀, inú rẹ̀ ti tutù, ojú rẹ̀ ṣì ń kọ 37. Kò sí nínú ìwé kankan, èmi ni mo mọ̀ ọ́n. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá kí mi láàárọ̀, màá ti sọ fún un kó tó gbé sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ síbẹ̀. Ẹni tí kò kí mi náà, màá sọ fún un, ṣùgbọ́n ó lè di ìrọ̀lẹ́.

Àwọn kan tún wà tí orúkọ wọn kì í sí lójú ewé. Ọkùnrin tó ń gba ẹrù nísàlẹ̀, mọ̀ ọ́n, kó sì mọ̀ ọ́. Nǹkan tí ẹ máa ń rà máa ń wá nínú páálí tó ní yìnyín gbígbẹ nínú. Páálí tó bá dé lọ́jọ́ Ẹtì ní aago mẹ́rin, tí kò sì mọ ẹni tó ni ín, ibẹ̀ ló máa wà di ọjọ́ Ajé. Yìnyín á ti tán. Owó oṣù kan lè yọ́ bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n lọ bu nitirojíìnì olómi, mò ń bọ̀.

ỌmọÌláNíBoston

Ẹ̀gbọ́n ti fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́. Èmi fẹ́ dáhùn ìdí tí oníṣẹ́ abẹ àti onímọ̀ ẹ̀rọ fi wà nínú láàbù kan náà, torí ohun tó kọ́kọ́ rú mi lójú nìyẹn.

Bí iṣẹ́ náà ṣe bẹ̀rẹ̀ ni. Ní Boston níbí, Joseph Vacanti ń pààrọ̀ ẹ̀dọ̀ fún àwọn ọmọdé, ẹ̀dọ̀ kò sì tó. Robert Langer ní yunifásítì MIT jẹ́ onímọ̀ ẹ̀rọ kẹ́míkà, ó mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe irú ike tí ara máa ń yọ́ dànù. Àwọn méjèèjì kọ ìwé kan sínú ìwé ìròyìn sáyẹ́ǹsì tí wọ́n ń pè ní Science ní 1993, ìwé yẹn ló jẹ́ kí ayé mọ orúkọ iṣẹ́ náà. Èrò wọn kò le: bí bíríkìlà ṣe ń to igi mọ́ ara ilé kó lè rí ibi dúró sí, ẹ ṣe irú igi bẹ́ẹ̀ fún sẹ́ẹ̀lì, ẹ gbin sẹ́ẹ̀lì sí i, ẹ bọ́ ọ, ẹ gbé e sára aláìsàn. Scaffold ni wọ́n ń pè é, orúkọ kan náà pẹ̀lú ti bíríkìlà. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé bíríkìlà ló ń tú igi tirẹ̀. Tiwa ń yọ́ fúnra rẹ̀ bí ẹran ṣe ń gba àyè rẹ̀.

Nítorí náà, èdè méjì mẹ́ta ni wọ́n ń sọ nínú láàbù kan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo wọn ń sọ. Tí oníṣẹ́ abẹ bá ní nǹkan "le", ohun tí ìka rẹ̀ bá pàdé ló ń sọ, bóyá abẹ́rẹ́ máa wọ̀ ọ́, bóyá òwú máa já a. Tí onímọ̀ ẹ̀rọ bá ní ó "le", kilopascal, òṣùwọ̀n líle, ló ń retí. Tí àwa onísẹ́ẹ̀lì bá ní ó "le", a ń wo ohun tí sẹ́ẹ̀lì máa dà lórí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ńlá sì ni. Ní 2006, àwọn olùwádìí kan ní Pennsylvania fi hàn pé sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ (stem cell) láti inú mùdùnmúdùn egungun máa ń gba ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: tó bá wà lórí ohun tó rọ̀ bí ọpọlọ, á máa fara jọ sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ, tó bá le tó iṣan, á fara jọ ti iṣan, tó bá tún le jù bẹ́ẹ̀, ti egungun. Ibùsùn lásán ló yí i padà. Ní ìpàdé àkọ́kọ́ tí mo lọ, wàhálà ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ló ṣẹlẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ "líle" yìí kí ẹnì kan tó rí i pé nǹkan mẹ́ta ni wọ́n ń sọ. Tí o kò bá gbọ́ ọ̀rọ̀ kan, béèrè. Ẹni tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ náà lè má gbọ́ ọ.

ẸyinAdìẹÌdíÀràbà

Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi òkèèrè dẹ́rù ba ọmọ náà. Ní Èkó níbí, èépo ẹyin ni mo fi ń ṣe iṣẹ́ temi. Màmá tó ń ta ẹyin sísè lẹ́nu géètì àti ọ̀gá aláìndómì ló ń kó o jọ fún mi, wọ́n rò pé adìẹ ni mò ń sìn. Mo ń fọ̀ ọ́, mo ń lọ̀ ọ́, mo ń sun ún nínú iná ìléru tó gbóná tó nǹkan bí 900 lórí òṣùwọ̀n Celsius, á di kálísíọ́mù ọ́síàdì, màá wá pò ó mọ́ fọ́sífétì. Ohun tó máa jáde níbẹ̀ ni hydroxyapatite, irú èròjà tí egungun èèyàn fi le. Àwọn míì ń fi egungun màlúù ṣe é.

Ìṣòro mi ni iná. Ìléru ń gun òkè lọ, ó dé 700, wọ́n mú iná. Kí ẹ̀rọ amúnáwá tó gbà á, ó ti já wálẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ gbogbo nǹkan sílẹ̀, títí kan aago tí iná lọ. Ọ̀rẹ́ mi tó ti lọ sí Jámánì ní ìwé àkọsílẹ̀ òun ni ọ̀gá òun níbẹ̀ fi ń kọ́ àwọn yòókù. Àṣà tí àìsí iná kọ́ ọ ni.

Ẹ jọ̀ọ́, kọ́lájìn tí wọ́n ń tà fún yín nínú ìgò kékeré, tí owó rẹ̀ tó owó ilé, ṣé ẹ mọ̀ pé inú awọ ló ti ń wá? Pọ̀nmọ́ nìyẹn! Mo sọ ọ́ fún ọ̀gá mi, ó ní ká má ṣe jẹ́ kí àwọn tó ń ta pọ̀nmọ́ gbọ́.

Àbẹ̀kẹ́Ṣàgámù

Ẹ ṣeun gan-an ni. Ẹ̀gbọ́n Ìdí-Àràbà, ẹ pa mí lẹ́rìn-ín.

Nǹkan kan tún ṣẹlẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n kọ̀wé sí mi, mo fi "Dear Professor" dáhùn, ó ní kí n jọ̀ọ́ kí n máa pe òun ní orúkọ. Orúkọ àbísọ! Ẹni tó ju ìyá mi lọ. Mo ti kọ lẹ́tà náà ní ẹ̀ẹ̀mẹrin, ọwọ́ mi ò gbà á.

ÌyáÌbejìLeeds

Ọmọ mi, mo mọ ohun tó ń ṣe ọ́. Odidi ọdún kan ni mo fi ń pe tèmi ní "Prof", mo sì máa ń tẹ orúnkún díẹ̀ tí mo bá fẹ́ fún un ní ìwé. Ó lọ bá postdoc, ó ní ṣé inú ń bí mi sí òun ni, kí ló dé tí mo fi ń ta kété? Èmi tí mo rò pé mò ń bọ̀wọ̀ fún un! Pè é ní orúkọ. Ọ̀sẹ̀ méjì ni ẹnu máa fi wúwo. Tó o bá délé, tó o fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ fún bàbá rẹ, kí o máa lo "wọ́n".

Ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi kí n tó bẹ̀rẹ̀ ni pé sẹ́ẹ̀lì kì í mọ ọjọ́ Ìsinmi. Oúnjẹ wọn, omi pupa tó dà bíi zóbò tí wọ́n la, ni. Tó bá ti ń di yẹ́lò, ìdọ̀tí wọn ti pọ̀ níbẹ̀, ó ti kan, ebi ń bọ̀. Ọjọ́ méjì sí mẹ́ta ni o máa pààrọ̀ rẹ̀. Tí wọ́n bá sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bo ilẹ̀ abọ́, tó tó bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún, o gbọ́dọ̀ pín wọn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ wọn á há mọ́ra wọn, ìwà wọn á yí padà. Mo ní ìbejì ọlọ́dún méjì nígbà yẹn. Ọkọ mi gbé wọn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, èmi wà níwájú kábínẹ́ẹ̀tì, mò ń bọ́ ìbejì kejì. Postdoc ló kọ́ mi pé kí n ka ọjọ́ sẹ́yìn: láti ọjọ́ tí mo fẹ́ kí iṣẹ́ parí, kí n máa kà padà, kí ọjọ́ pípín bọ́ sí Ajé tàbí Ẹtì. Láti ìgbà yẹn ni mo ti ń sùn. Ẹ tún máa bára yín bọ́ sẹ́ẹ̀lì. Ẹni tí o bá bá bọ́ tirẹ̀ ní Sátidé yìí, á bá ọ bọ́ tìrẹ ní èyí tó ń bọ̀. Èésú ni, àjọ sẹ́ẹ̀lì.

Tọ́láÒSùn

Ẹ jẹ́ kí n sọ temi, kó má ṣẹlẹ̀ sí i. Oṣù mẹ́rin ni mo pàdánù. Sẹ́ẹ̀lì kéréékéré (cartilage, irú èyí tó wà ní etí) ni mò ń gbìn, wọ́n kàn ń falẹ̀ ni. Wọn ò kú, oúnjẹ wọn ò dàrú, mo wo abẹ́ maikirosíkóòpù, ó mọ́ kedere. Mo yí oúnjẹ padà, mo yí scaffold padà, mo gbààwẹ̀, tòótọ́ ni. Àṣé mycoplasma ti wà nínú rẹ̀ látọjọ́ tó ti pẹ́. Bakitéríà ni, ṣùgbọ́n ó kéré débi pé maikirosíkóòpù lásán kì í fi í hàn, kì í sì í jẹ́ kí oúnjẹ dàrú bíi ti àwọn yòókù. PCR, àyẹ̀wò tó ń wá DNA, la fi mú un. Ibo ló ti wá? Ìgò oúnjẹ kan tí àwa méjì jọ ń lò. Ẹnì kejì mọ̀ pé sẹ́ẹ̀lì tirẹ̀ ń ṣàìsàn, ojú ń tì í láti sọ.

A da gbogbo rẹ̀ nù. Mo sunkún ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀.

Nítorí náà: ìgò tìrẹ ni tìrẹ, kọ orúkọ sí i, má yá ẹnikẹ́ni. Sẹ́ẹ̀lì tó bá ti ibòmíràn wá, kó wà ní inkubétọ̀ ọ̀tọ̀ títí àyẹ̀wò á fi jáde. Tó o bá rí nǹkan nínú tìrẹ, pariwo lọ́jọ́ náà gan-an.

Àbẹ̀kẹ́Ṣàgámù

Ẹ̀gbọ́n Tọ́lá, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ṣé wọn kì í fi oògùn apakòkòrò sínú oúnjẹ wọn ni?

BàbáKọ́kọ́rọ́

Mo ti dé. Wọ́n ń fi í, èmi kò sì fẹ́ ẹ. Pẹnisílínì ń ba ògiri bakitéríà jà, mycoplasma kò sì ní ògiri kankan. Kò ní ṣe é ní nǹkan kan. Àwọn tó kù, ó kàn máa ń tẹ̀ wọ́n rì ni, o ò ní tètè rí i pé ọwọ́ rẹ kò mọ́. Ẹni tí kò bá fi oògùn sí i, ìdọ̀tí máa hàn lọ́jọ́ kejì, á kọ́gbọ́n.

ỌmọÌláNíBoston

Ẹ̀gbọ́n, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, mi ò gbà tán. Ẹran tó ti ara èèyàn wá tààrà láti yàrá iṣẹ́ abẹ, tó ti kan awọ, tó ti kan afẹ́fẹ́, tí o kò bá fi oògùn sí i ní ọjọ́ díẹ̀ àkọ́kọ́, o ti sọ ọ́ nù. Aláìsàn ò sì ní padà wá fún ọ ní òmíràn.

BàbáKọ́kọ́rọ́

Ọjọ́ díẹ̀ àkọ́kọ́, mo gbà. Àmọ́ mo mọ̀ yín. Ọjọ́ díẹ̀ yín máa ń di ọdún mẹ́rin.

Ọ̀rọ̀ nitirojíìnì ló gbé mi padà wá. Àbẹ̀kẹ́, ìwọ̀n òtútù rẹ̀ jẹ́ 196 nísàlẹ̀ òdo. Inú rẹ̀ la ń tọ́jú sẹ́ẹ̀lì sí. Gbogbo èèyàn ló ń bẹ̀rù pé ó máa jó ọwọ́ àwọn, ó ń jó ọwọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun tó ń pani níbẹ̀ ni afẹ́fẹ́. Lítà kan rẹ̀ tó bá dànù á di afẹ́fẹ́ bíi lítà 700, á lé ọ́síjìn jáde nínú yàrá. Kò ní òórùn, kò ní àwọ̀. O kò ní mọ̀ pé ó rẹ̀ ọ́, o kàn máa ṣubú. Ẹ̀rọ kan wà lára ògiri tó ń wọn ọ́síjìn. Tó bá ké, sá jáde. Má dúró de ìgò kankan. Ẹnì kan ṣubú sínú rẹ̀? Má wọlé lọ fà á, pe àwọn tó ní ẹ̀rọ ìmí. Má bá àgbá rẹ̀ wọ lífíìtì, kó dá lọ, kí o gba àtẹ̀gùn. Wọ ìbòjú tó bo gbogbo ojú tí o bá ń yọ ìgò kékeré jáde. Tí omi rẹ̀ bá ti wọnú ìgò náà, ó lè bú gbàmù.

Ṣé o rí ọtí (ethanol) tí a ń fọ́n sí ọwọ́ láti pa kòkòrò? 70 nínú ọgọ́rùn-ún ni, kì í ṣe ọgọ́rùn-ún. Àwọn ọmọ tuntun máa ń rò pé èyí tó le jù ló dáa jù. Omi inú rẹ̀ ló ń jẹ́ kó pẹ́ lára kòkòrò kó tó gbẹ, kó sì lè wọlé.

Nọ́ọ̀sìTóDiOlùwádìí

Èmi ni mo máa dáhùn ti bàbá rẹ.

Nọ́ọ̀sì ni mí tẹ́lẹ̀. Nísinsìnyí, èmi ni mo ń lọ bá aláìsàn kí wọ́n tó wọ yàrá iṣẹ́ abẹ. Ìyá àgbà kan fẹ́ pààrọ̀ ìbàdí. Orí egungun itan tí wọ́n máa gé kúrò, tẹ́lẹ̀, pàǹtí ni. Màá jókòó tì wọ́n, màá ṣàlàyé pé mùdùnmúdùn inú rẹ̀ wúlò fún wa, pé wọ́n lè kọ̀, pé ìtọ́jú wọn kò ní yí padà tí wọ́n bá kọ̀. Tí wọ́n bá gbà, wọ́n á fọwọ́ síwèé. Láàbù kò ní mọ orúkọ wọn, nọ́ńbà nìkan ni wọ́n máa rí. Ọ̀rá inú àti awọ tí wọ́n gé lára àwọn tó ṣe iṣẹ́ abẹ ikùn, bákan náà. Ẹ kì í mọ iye àwọn tó máa ń ní, "Ẹ mú un, nọ́ọ̀sì, èmi kò lò ó mọ́."

Ẹ̀rù tó ba bàbá rẹ ti ba àwọn òyìnbó náà rí. Wọ́n rí i pé ilé ìwòsàn kan níbí ti ń kó ẹ̀yà ara àwọn ọmọdé tó kú pamọ́ láì sọ fún òbí wọn. Ìbínú yẹn wà lára ohun tó bí Òfin Human Tissue ti 2004. Nítorí náà tí wọ́n bá ní kí o kọ ibi tí ẹran kékeré kan wà, ìgbà tó dé, ẹni tó gbé e, ìgbà tí o sọ ọ́ nù, má rò pé wàhálà ìwé lásán ni.

Sọ ìtàn Henrietta Lacks fún wọn pẹ̀lú. Obìnrin adúláwọ̀ ará Amẹ́ríkà, ní Baltimore, 1951. Dókítà mú sẹ́ẹ̀lì láti ara jẹjẹrẹ tó pa á, kò bi í léèrè. Sẹ́ẹ̀lì náà kò kú títí dòní, HeLa ni wọ́n ń pè é. Ó lágbára débi pé ó ń wọ abọ́ ẹlòmíràn lọ. Ní 1966, Stanley Gartler fi han àwọn olùwádìí pé sẹ́ẹ̀lì méjìdínlógún tí wọ́n ń pè ní oríṣiríṣi, HeLa ni gbogbo wọn. Wọ́n bínú sí i. Èmi máa ń sọ fún àwọn ọmọ láàbù pé màmá yẹn kò gbà kí wọ́n fi òun pamọ́.

Tìrẹ ńkọ́? Lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára hepatitis B kí o tó fọwọ́ kan ẹran èèyàn. Ó tó oṣù mélòó kan kí ó tó pé, tètè bẹ̀rẹ̀. Má sì gbin sẹ́ẹ̀lì ara tìrẹ láéláé, ẹ̀jẹ̀ rẹ tàbí awọ rẹ, bó ti wù kó yá tó. Tó bá di aburú nínú abọ́, tó sì gún ọ lọ́wọ́, ara rẹ lè má mọ̀ pé àjèjì ni, kò ní bá a jà.

Tí bàbá bá fẹ́ orúkọ ọmọ wa, Oluyinka Olutoye, tó kọ́ iṣẹ́ dókítà ní Ifẹ̀, oníṣẹ́ abẹ ọmọdé ni ní Amẹ́ríkà. Ó ti ṣèwádìí nípa bí ọgbẹ́ ọmọ inú oyún ṣe ń jinná láì fi àpá sílẹ̀. Ohun tí gbogbo àwọn tó ń gbin awọ ń wá nìyẹn. Julia Polak náà wà ní yunifásítì Imperial ní Lọ́ńdọ̀nù nígbà ayé rẹ̀, onímọ̀ àìsàn ni. Ní 1995, ẹ̀dọ̀fóró tirẹ̀ bàjẹ́, wọ́n fún un ní ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró ẹlòmíràn. Nígbà tó dìde, ó fi iṣẹ́ tó ti ń ṣe sílẹ̀, ó lọ bẹ̀rẹ̀ sí í wá bí wọ́n ṣe máa gbin ẹ̀dọ̀fóró. Ó lo nǹkan bí ọdún mọ́kàndínlógún sí i láyé.

ẸyinAdìẹÌdíÀràbà

Nọ́ọ̀sì, ẹ ṣeun. Ṣé wọ́n gbin ẹ̀dọ̀fóró náà?

ỌmọÌláNíBoston

Rárá o. Ibi tí iṣẹ́ dá dúró sí ni ẹ̀jẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì tó bá jìnnà sí òpó ẹ̀jẹ̀ ju bí ìdá kan nínú márùn-ún mìlímítà lọ, ọ́síjìn kì í dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, á kú. Ìdí nìyẹn tí ohun tó fẹ́lẹ́ fi ti ṣeé ṣe: awọ, kéréékéré. Anthony Atala àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé àpò ìtọ̀ tí wọ́n gbìn sára aláìsàn méje, wọ́n sì kéde rẹ̀ ní 2006. Ohun tó nípọn bí ẹ̀dọ̀ tàbí kíndìnrín ló ṣì ń dá wa dúró. Àbẹ̀kẹ́, ẹni tó bá sọ fún ọ níbi ìpàdé pé òun máa gbin ọkàn láàárín ọdún mẹ́ta, owó ló ń wá.

Alákọsílẹ̀

Kò sẹ́ni tó tíì sọ̀rọ̀ orúkọ orí ìwé. Lágbo iṣẹ́ tiwa, orúkọ àkọ́kọ́ ni ẹni tó ṣe iṣẹ́ jù, orúkọ ìkẹyìn ni ọ̀gá. Láàbù kan tí mo wà tẹ́lẹ̀, mo fi oṣù mẹ́jọ ṣe scaffold, ìwé jáde, mo wà ní ìkarùn-ún nínú mẹ́jọ. Mo béèrè, wọ́n ní wọ́n rò pé mo mọ̀. Má rò. Béèrè kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, kó sì wà nínú ímeèlì.

Ìwé àkọsílẹ̀ rẹ sì lè ju orúkọ lọ. Ní 2011, ní ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn Karolinska ní Stockholm, Paolo Macchiarini fi ọ̀nà èémí tí wọ́n fi ike ṣe, tí wọ́n gbin sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ sí, sára aláìsàn. Ẹni àkọ́kọ́ jẹ́ ọmọ Eritrea tó ń kàwé ní Iceland. Ìròyìn gbé e kiri ayé. Aláìsàn náà kú ní oṣù kìn-ín-ní 2014. Dókítà mẹ́rin tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ jókòó, wọ́n fi ohun tó wà nínú ìwé ìwádìí wé ohun tó wà nínú fáìlì aláìsàn. Kò bára mu. Wọ́n fẹjọ́ sùn. Ilé-ẹ̀kọ́ náà kọ́kọ́ dá oníṣẹ́ abẹ náà láre, àwọn mẹ́rin yìí ló kan wàhálà. 2023 ni ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn tó rán an lẹ́wọ̀n ọdún méjì àtààbọ̀.

Fáìlì ló mú un. Kọ ọjọ́ sí i, kọ ohun tó bàjẹ́ náà sí i, fi báírò kọ ọ́.

Àbẹ̀kẹ́Ṣàgámù (oṣù kọkànlá)

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, mo dé. Ẹ má bínú pé mo pẹ́.

Ọjọ́ àkọ́kọ́, tẹkiníṣíàn ni mo kọ́kọ́ kí. Obìnrin ni, ará Poland. Ó wò mí, ó ní ta ló rán mi. Ó mú mi lọ síwájú inkubétọ̀, ó nàka sí ọ̀kan, ó ní, "Èyí, má lò ó." BàbáKọ́kọ́rọ́, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ kúnlẹ̀!

Sẹ́ẹ̀lì àkọ́kọ́ mi kú. Mo fi oògùn tó ń tú wọn kúrò lára ike sílẹ̀ pẹ́ jù, mò ń dáhùn fóònù. Àwọn kejì wà láàyè, wọ́n ti pín lẹ́ẹ̀mẹrin. Mo ti ń pe ọ̀jọ̀gbọ́n ní orúkọ. Ó gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kì í ṣe méjì. Ọkùnrin tó ń gba ẹrù mọ̀ mí, "Ọmọ Nàìjíríà" ló ń pè mí, mo ṣì ń kọ́ ọ ní Àbẹ̀kẹ́.

Mo ka ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì fún bàbá mi lórí fóònù, ọ̀rọ̀ ìyá àgbà tó fọwọ́ síwèé. Wọ́n ní kí n tún un kà. Nísinsìnyí tí wọ́n bá pè, wọ́n á kọ́kọ́ ní, "Ẹran yín ńkọ́?"

Ìbéèrè kan ló kù. Wọ́n máa ti ilé náà pa láti ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù kejìlá títí ọdún tuntun. Ta ló máa bọ́ wọn?

BàbáKọ́kọ́rọ́

Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bọ́ wọn. Dì wọ́n. Oúnjẹ wọn pẹ̀lú DMSO (èròjà tó ń dáàbò bo sẹ́ẹ̀lì nínú òtútù) ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, fi wọ́n sínú àpótí tó ń jẹ́ kí òtútù máa lọ ní díẹ̀díẹ̀, ìwọ̀n kan ní ìṣẹ́jú kan, kó sùn mọ́jú nínú fíríísà 80 nísàlẹ̀ òdo, lọ́jọ́ kejì kí o gbé wọn lọ sínú nitirojíìnì. Ṣe é kó tó di ogúnjọ́, torí gbogbo láàbù ló máa fẹ́ lo àpótí yẹn lọ́jọ́ kejìlélógún. Bẹ obìnrin Poland yẹn kó fi ibi tó ṣófo nínú àgbá hàn ọ́.

ÌyáÌbejìLeeds

Kọ orúkọ sí ara ìgò náà pẹ̀lú bírò tí ọtí kì í pa rẹ́. Mo ní ìgò mẹ́fà nínú àgbá tiwa tí ẹnikẹ́ni ò mọ ẹni tó ni wọ́n, bóyá èmi ni.